Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀ Kì Í Ṣe Orí

Ilé wa,
Ìjókù, Ṣàgámù.

Àyìndé ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun tí o gbà sí Ìlọrin. Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé o ń sùn dáadáa? Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo mọ irọ́ tí o fẹ́ pa. Ìwé ni mo kọ ní tèmi, nítorí pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ báyìí ni o ó ní, "Màmí, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa." Nẹ́tíwọ̀kì yìí kan náà ló máa ń dáa ṣáká nígbà tí o bá ń bèèrè gààrí àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì, ọmọ mi. O kò lè pa á mọ́ mi lẹ́nu. Bàbá Sùlé tó ń wa ọkọ̀ obì wa lọ sókè Ọya ni mo fi ìwé yìí rán sí ọ, mo sì ti sọ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí o ó fi tú ẹrù kékeré tó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti gbọ́. Rónkẹ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ ló sọ fún mi, má sì bá a jà. Ó ní egbò wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún, pé àrùn ìtọ̀ ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ti wá ọ wá, pé ọmọ ìka kan ti dúdú, dókítà sì ní kí wọ́n gé e kúrò kí ó tó máa gun òkè. Ó ní ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ, o ní o ń rò ó. Mo wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. O ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àyìndé, òwe àgbà ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n orí mélòó lo ní? Ẹyọ kan. Wá tẹ̀ ba, kí o ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn kan náà ló ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ gé lára rẹ yìí, ilẹ̀ lo ti ń fi í tẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti mọ ìrìn. Má fi òwe orí gbèjà ọmọ ìka mọ́.

Mo mọ ohun tó wà níkùn rẹ. Ìgbéyàwó ti ń sún mọ́lé, o ń rò pé àwọn àna yóò ní ọkọ tí ọmọ àwọn mú wá kò pé. O fẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá ná. Ọmọ mi, egbò ṣúgà kì í dúró de ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, ẹsẹ̀ ni wọn ó gé. Bí ó bá tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó kàn, ẹnu ìyá kì í sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní tàn ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ gbogbo èyí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ ìka mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ òsì mi. Ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe jẹ́, nítorí ìdánwò ìparí lo ń ṣe nígbà náà, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Nígbà tí o fi dé, mo ti ń rìn, mo ti ń bá bàbá yín jà lórí ẹran, o sì rò pé nǹkan kékeré ló ṣẹlẹ̀. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ lónìí, nítorí ẹ̀rín inú rẹ̀ ju ẹkún lọ.

Inú àlùwàlá ló ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ mí, mi ò kì í fi ìrun ṣeré. Gbogbo ìgbà tí ládàánì bá ti pe ìrun, omi á lọ sẹ́sẹ̀, màá ki ẹsẹ̀ tútù bọnú bàtà rọ́bà, ó di ìsọ̀ obì. Àárín ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e kì í gbẹ. Ó là, ó ń yún mi, nígbà tó yá kò yún mi mọ́. Mo ní áà, bárákà omi àlùwàlá ti wò ó sàn. Mi ò mọ̀ pé ṣúgà ló ti pa ibẹ̀ kú, tí n kò fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní nìyí, má sì fi í ṣeré: bí o bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí o nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run ní ká fọ ẹsẹ̀, kò ní ká má nù ún.

Ìkejì, má fi egbò pamọ́. Èmi fi tèmi pamọ́ dé ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín. Mo po ọ̀rí mọ́ káńfọ̀, mo fi dí i, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e nínú ooru Ṣàgámù yìí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo ń sun tùràrí sínú yàrá. Bàbá yín gbọ́ òórùn tùràrí, ojú rẹ̀ là, ó fárùngbọ̀n, ó lọ wọ jalabíà tuntun. Ó rò pé èmi àti òun tún ti di tọkọtaya tuntun ni. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kiri ilé, èmi sì ń fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Títí dòní, bí mo bá sun tùràrí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé, "Ìyá Kúdí, jọ̀ọ́, fi ẹsẹ̀ rẹ hàn mí ná."

Ẹni tó tú mi fó ni Ìyá Wàsíù, ẹni tí a jọ ń ṣa obì nísọ̀. A jókòó ti agbọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ya èyí tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kòkòrò ti lu, ni mo bá rí i tó tẹjú mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Kúdí, eṣinṣin wọ̀nyí ò bà lé obì o. Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń bà lé."

Mo ní omi ẹja ló ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa ìbọ̀sẹ̀ mi yọ. Ó wo ibẹ̀ títí. Ó wá mú obì kan tí kòkòrò ti wọ̀ láti inú agbọ̀n, ó gbé e sí mi lójú.

Ó ní, "Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bí a bá rí èyí nínú agbọ̀n, kí là ń ṣe sí i?"

Mo ní, "À ń yọ ọ́ ni."

"Bó bá tóbi ńkọ́? Bó bá pọ́n dáadáa ńkọ́?"

"A ṣì máa yọ ọ́."

Ó ní, "Ó dáa náà. Ẹ dìde ká lọ."

Bó ṣe di ọsibítù nìyẹn. Dókítà tó gbà wá, ọmọbìnrin kékeré ni, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, "Màmá, ọmọ ìka yìí ti kú. Tí a bá fi sílẹ̀, á pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ." Bàbá yín, tó ti sáré wá bá wa níbẹ̀, ní ṣé wọn ò lè gún un ní abẹ́rẹ́. Ó ní, "Alhájì, ẹ má bínú, abẹ́rẹ́ kì í jí òkú." Bàbá yín tí ẹ̀yin ọmọ ń bẹ̀rù, tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú àlejò, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi etí agbádá nu ojú. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ni n kò mọ bí mo ṣe lè dẹ́rù bà ọ́ lórí rẹ̀, nítorí kò dẹ́rù bani. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn, ìdajì ara mi ìsàlẹ̀ sì lọ sùn. Wọ́n ta aṣọ sí àárín èmi àti ẹsẹ̀ mi bí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún. Mo ń ṣe àdúà lábẹ́nú. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo bèèrè pé ìgbà wo ni wọn ó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, a ti ń rán ojú rẹ̀." Ọmọ mi, mo ti di irun orí tó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ọmọ ìka. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, ohun tó bá kúrò lára èèyàn, ilẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bàbá yín gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e wálé, ó gbẹ́ ilẹ̀ sídìí igi obì ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ránṣẹ́ pe àlùfáà àdúgbò. Nígbà tí àlùfáà dé, bàbá yín bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àlùfáà, ṣé a ó kírun sí i lára?" Àlùfáà wo aṣọ funfun, ó wo bàbá yín. Ó ní, "Alhájì, ẹni tó ni ín ṣì ń jẹun."

Gbogbo èyí, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹnu bàbá yín dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbídò, Àǹtí Ìbídò yín, ó ní, "Wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀ o." Ó fẹ́ sọ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni. Kò sọ ọ́. Ṣé o rí èdè wa yìí, láti ìdí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Àǹtí Ìbídò figbe ta. Wọ́n ní ó ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Ẹ gbé e wá s'úlé, ẹ má jẹ́ kó kú sọ́hùn-ún." Kí n tó kúrò ní ọsibítù, ó ti dé ilé wa ní Ìjókù, ó ti lọ yá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti abirùn. Ó wo inú yàrá mi, ó rí bàtà mi tí mo tò sílẹ̀. Àánú mi ṣe é. Kí n má baà dé kí n rí bàtà ẹsẹ̀ tí n kò ní mọ́, kí n máa sunkún, ó ṣa gbogbo bàtà òsì jọ sínú àpò, ó kó wọn fún àwọn akólẹ̀.

Mo délé, mo ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń bọ̀ níwájú mi. Àǹtí Ìbídò wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ta ni èyí?" Mo ní ẹsẹ̀ mi ni, Àǹtí. Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló tún bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí, ó rántí bàtà, ó jókòó gbì sórí kẹ̀kẹ́ abirùn náà. Títí dòní ni àwọn bàtà ọ̀tún wọ̀nyẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù wọ́n nù. Bí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń fà wọ́n jáde wò.

Kí ni mo ń sọ ná? Ìmọ̀ràn. Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé, fi ojú ara rẹ kà á.

Bí wọ́n bá gé e tán, gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí bí wọ́n bá ṣe ní kí o ṣe é, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé àlejò wọlé bá ọ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí omi kan ojú iṣẹ́ náà. Tí àsìkò ìrun bá tó, yẹ̀pẹ̀ mímọ́ wà tí o lè fi ṣe táyámámù dípò omi àlùwàlá, Ọlọ́run kò fi ìnira sínú ẹ̀sìn. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa fi oògùn wẹ̀ ẹ́ fún ọ, kí o sì wo ibẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ. Lọ́jọ́ kìíní tí mo wò ó, mo yí ojú sí ògiri. Nígbà tó yá, bí n kò bá rí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. Lo oògùn rẹ tán pátápátá, má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Wọ́n fún mi ní bàtà kan tó jẹ́ pé gìgísẹ̀ nìkan ni mo fi ń tẹlẹ̀ nínú rẹ̀, mo ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ mi. Pẹ́pẹ́yẹ náà ń dé ibi tó ń lọ.

Àwọn èèyàn yóò gbé mólítì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá kí ọ, àṣà wa nìyẹn, a máa ń fi ṣúgà kí ẹni tí ṣúgà ń pa. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì gbé e fún àwọn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó bá mu mólítì rẹ, ọwọ́ rẹ̀ máa ń rọ̀ lójú egbò.

Má sì jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu bí ìka tí kò sí mọ́ bá ń yún ọ. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tèmi yún mi lọ́sàn-án kan, kò sí ibi tí mo lè họ. Mo ké sí bàbá yín. Ó ronú díẹ̀, ó mú igi kékeré kan, ó jáde. Mo gbọ́ ìró igi lẹ́yìnkùlé, krá, krá, krá. Ó padà wọlé, ó ní, "Mo ti bá ọ họ ọ́." Àyìndé, mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, ó dẹ́kun. Èyí ni mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa ìgbéyàwó. Ẹni tó lè jáde lọ họ ilẹ̀ nítorí rẹ ni kí o fẹ́.

O ti rí irú rẹ̀. Rónkẹ́ wá bá mi nísọ̀ níjọ́sí, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ dán an wò. Mo ní, "Ìyàwó wa, bí wọ́n bá gé ọmọ ìka rẹ̀ ńkọ́?" Ó nu ojú, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ọmọ ìka ni mo fẹ́ fẹ́ ni? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gé e, kí n lè rí ẹni tí màá fẹ́." Mo dìde, mo gbá a mọ́ra láàárín àwọn olóbì, obì tó wà lẹ́sẹ̀ mi sì dànù. Ẹni tí o ń tìtorí rẹ̀ fi í pamọ́ ti mọ̀, ó sì ń retí rẹ. Sọ fún ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ náà. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Ọmọ ìka là ń pè é lédè wa, mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ sì máa ń dunni. Ó dùn mí nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n Àyìndé, ìwọ ni ọmọ tí mi ò lè gbé sin. Bàbá yín kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n sọ fún ọ pé ìdí igi obì ṣì gba ọmọ ìka kan sí i, kí èyí tí òun sin síbẹ̀ lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo fi ìwé gbá a létí, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Ó ti tó. Tú ẹrù tó wà lọ́wọ́ Bàbá Sùlé. Inú ewé ni mo dì í sí. Obì gbànja márùn-ún ló wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ṣà wọ́n. Mẹ́rin dáa, ó pọ́n, ó le. Ìkarùn-ún, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ kí n tó fi í sí i. Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, ọmọ olóbì ni ọ́. Kòkòrò kò sì ní sùn lọ́nà Ìlọrin, nítorí náà, yọ ọ́ báyìí, níwájú Bàbá Sùlé, kó tó ran àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, mú ìwé inú àpò ṣòkòtò rẹ jáde.

Mẹ́rin tó kù, má jẹ wọ́n, má fún ẹnikẹ́ni. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé wọn bọ̀ wálé. Àwọn ni a ó gbé lọ sílé Rónkẹ́.

Èmi ìyá rẹ, olóbì Ìjókù,
tó ń retí ìró ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà.